Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Búráúsà Lò



Lónìí, ọ̀rọ̀ búráúsà la fẹ́ jọ sọ, búráúsà orí kọ̀ǹpútà. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, ẹ má tíì yí rédíò yín sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì ni. Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wo èsì ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò tí ọmọ rẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù fún ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní káfẹ́, tó ń bá aráàlú kọ fọ́ọ̀mù, ni pẹ̀lú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tá à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwọn kan ń ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Àwọn kan ń ra dátà lé dátà. Àwọn mìíràn ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn wá ojú ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣí lánàá. Bẹ́ẹ̀ ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo wọn ń wá ti wà nínú búráúsà tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́. Wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju èyí lọ: búráúsà tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe ju ohun tẹ́ ẹ ń fi ṣe lọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ó dáa, kí ni búráúsà gan-an? Òun ni ètò tá a fi ń ṣí ìkànnì wò lórí kọ̀ǹpútà. Chrome wà, Firefox wà, Edge wà, Opera wà. Safari náà wà fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Apple. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, Tim Berners-Lee lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1990 ló ṣe àkọ́kọ́, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CERN, nítòsí ìlú Geneva ní Switzerland. Èyí tó ṣe nígbà náà, èèyàn lè fi kà, èèyàn sì lè fi kọ. Nígbà tó di ọdún 1993, àwọn kan ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà gbé Mosaic jáde. Mosaic ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rí àwòrán àti ọ̀rọ̀ pa pọ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbi íntánẹ́ẹ̀tì. Firefox dé ní ọdún 2004, Chrome dé ní ọdún 2008. Kí ni mo fẹ́ fìyẹn fà yọ? Pé láti ìgbà náà títí dòní, àwọn tó ń ṣe búráúsà kò yéé fi nǹkan tuntun kún un. Àwa tá à ń lò ó la dúró sójú kan.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn máa ń bi mí. Wọ́n á ní, "Ṣé Google kọ́ ni búráúsà ni?" Rárá o. Ìkànnì tá a fi ń wá nǹkan ni Google. Búráúsà lohun tá a fi dé ọ̀dọ̀ Google. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni Google àti Chrome lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dàrú mọ́ra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn yín, torí bí ẹ bá ti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, ohun tá a fẹ́ sọ kò ní ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó máa ń dun èèyàn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ti ṣí ojú ìwé mẹ́fà kalẹ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà nínú tábù tirẹ̀, wọ́n tò lókè bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wá èyí tó dáa jù nínú wọn. Ó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ àmì X kékeré tó wà létí tábù náà. Tábù pòórá! Ó kígbe, "Yéè, mo gbé!" Ṣé lóòótọ́ ló gbé? Kò gbé rárá. Kó tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, kó tẹ Shift mọ́ ọn, kó wá tẹ lẹ́tà T. Ojú ìwé tó lọ náà á padà wá. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, èyí tó ti pa ṣáájú ìyẹn á tún jáde.

Mo tún un sọ o: Ctrl, Shift àti T. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo kọ̀ǹpútà Apple, lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí mo bá ti pe Ctrl, Command lẹ̀yin ó tẹ̀.

Bí iná bá wá lọ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná wa kì í dágbére kó tó lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì á kú fin-ín. Bí iná bá dé, tẹ́ ẹ tún ṣí búráúsà, ẹ lè lo Ctrl, Shift àti T yẹn kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo tábù tó wà níbẹ̀ kí iná tó lọ ni yóò rọ́ padà wá. Ẹ sì tún lè lọ sínú Settings kẹ́ ẹ sọ fún un pé bó bá ti ń ṣí, kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Nínú Chrome, "Continue where you left off" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú Firefox, "Open previous windows and tabs" ni. Àmọ́ ẹ fi ọ̀kan sọ́kàn. Ojú ìwé lè padà, kí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ sínú fọ́ọ̀mù má padà. Nítorí náà, bí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ bá gùn, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síbòmíràn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá dà á sínú fọ́ọ̀mù.

A ti rí tábù tó sọnù gbà padà. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó sọnù sínú ojú ìwé gígùn. Ṣé ẹ ti ṣí orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọ iléèwé gíga rí, tó jẹ́ pé orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló tò sílẹ̀? Bàbá á gbé jígí wọ̀, ìyá á gbé ìka sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tá a fi ń jìyà báyẹn? Ẹ tẹ Ctrl àti F. Àpótí kékeré kan á yọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, búráúsà á kun ún ní àwọ̀ tó hàn ketekete, á tún sọ iye ìgbà tó fara hàn. Bí kò bá sì sí, á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe wàhálà lásán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní nǹkan kan fún yín níbí. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kì í rọrùn láti tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wọn. Firefox mọ èyí. Bẹ́ ẹ bá tẹ Ctrl àti F nínú Firefox, tẹ́ ẹ kọ "Oyo" lásán láìfi àmì kankan sí i, á bá yín rí "Ọ̀yọ́" tó ní gbogbo àmì rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé èyí tó ní àmì gẹ́lẹ́ lẹ fẹ́, ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Match Diacritics" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, kò sì ní mú èyí tí kò ní àmì wá mọ́. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó bá mọ èyí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ńlá.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ́lẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà òun kò yára mọ́, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni òkè búráúsà rẹ̀. Nígbà mìíràn, tábù tó ṣí síbẹ̀ á ti pọ̀ débi pé wọ́n á ti fún mọ́ra, èèyàn ò ní lè ka orúkọ wọn. Mo wá máa ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń ka gbogbo èyí ni?" Wọ́n á ní rárá, pé àwọn ò fẹ́ kó sọnù ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tábù tó ṣí sílẹ̀ kò kàn jókòó lásán. Ó ń gba àyè nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn sì ń fa dátà lábẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ìkòkò mẹ́wàá lé iná kan ṣoṣo, kò sí èyí tí yóò tètè hó nínú wọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà wá kà, ẹ tẹ Ctrl àti D. Búráúsà á fi sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ lè wá pa tábù náà láìbẹ̀rù. Èyí tẹ́ ẹ kò fi sí àkọsílẹ̀ ńkọ́? Òun náà kò sọnù. Ctrl àti H á ṣí ìtàn ibi gbogbo tẹ́ ẹ ti dé, ẹ ó rí tàná, ẹ ó rí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí tábù bá sì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ ń wá ọ̀kan láàárín wọn, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti A nínú Chrome, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ rántí nínú orúkọ rẹ̀, á gbé e jáde fún yín.

Àwọn tó ṣe búráúsà tilẹ̀ ti ro tiwa mọ́ ọn. Nínú Chrome, bẹ́ ẹ bá lọ sínú Settings, tẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ ó rí "Memory Saver". Bẹ́ ẹ bá tan án, tábù tẹ́ ẹ kò bá fọwọ́ kàn fúngbà díẹ̀ á sùn, kò ní gba àyè mọ́. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tún jí. Edge náà ní irú rẹ̀, "Sleeping tabs" ni wọ́n pè é. Firefox ní tirẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n kọ Autoplay sí nínú Settings. Ẹ lè sọ fún un níbẹ̀ pé kó má jẹ́ kí fídíò kankan dá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ka ojú ìwé kan nígbà tí dátà kò sí ńkọ́? Ẹ tẹ Ctrl àti P, bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Níbi tó ti ní kẹ́ ẹ yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ má yan ẹ̀rọ o, ẹ yan "Save as PDF". Ojú ìwé náà á wọ inú kọ̀ǹpútà yín, ẹ lè kà á nígbà tó bá wù yín, kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èsì ìdánwò, rìsíìtì owó tẹ́ ẹ san, ìwé ìgbàwọlé ọmọ, ẹ má fi sílẹ̀ lórí ìkànnì nìkan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ni kẹ́ ẹ ti tọ́jú rẹ̀ sí PDF. Ìkànnì lè má ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú un wá.

Ẹ jẹ́ ká mí díẹ̀, ká tún un sọ. Ctrl, Shift àti T fún tábù tó sọnù. Ctrl àti F fún ọ̀rọ̀ tá à ń wá lójú ìwé. Ctrl àti D fún èyí tá a fẹ́ padà sí. Ctrl àti P fún èyí tá a fẹ́ tọ́jú. Mẹ́rin péré ni, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome, nínú Firefox àti nínú Edge.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan nínú wa, ojú ló ń dùn wọ́n, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà sì kéré. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbẹ̀, ẹ má sún imú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ àmì àròpọ̀. Lẹ́tà á tóbi sí i. Ẹ tún un tẹ̀, á tún tóbi. Bó bá tóbi jù, ẹ tẹ Ctrl àti àmì àyọkúrò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà sí bó ṣe wà, Ctrl àti òdo ni. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé búráúsà máa ń rántí. Bẹ́ ẹ bá sọ lẹ́tà ìkànnì kan di ńlá lónìí, bẹ́ ẹ bá padà dé ibẹ̀ lọ́la, ńlá lẹ ó bá a.

Àwọn ojú ìwé kan tún wà tí ìpolówó ọjà ti bò mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ìròyìn tẹ́ ẹ wá kà kò tó ìlàjì ohun tó wà níbẹ̀. Nínú Firefox àti Edge lórí Windows, ẹ tẹ F9. Bí ojú ìwé náà bá jẹ́ irú èyí tó ṣe é ṣe fún, gbogbo ìpolówó á yàgò, ọ̀rọ̀ nìkan á kù pẹ̀lú àwòrán tó bá a lọ. Edge tilẹ̀ lè kà á sókè fún yín létí. Ctrl, Shift àti U lẹ ó tẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa á gbọ́ ìròyìn láìyá ojú ẹlòmíràn lò. Ìròyìn tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ o, torí ohùn Yorùbá kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí bá a ṣe ń wá nǹkan. Bẹ́ ẹ bá tẹ Ctrl àti L, ẹ ó bọ́ síbi gbọọrọ tó wà lókè tá a ń kọ àdírẹ́sì sí, láìwá máòsì kiri. Ibẹ̀ náà la lè kọ ìbéèrè wa sí, kò dìgbà tá a bá kọ́kọ́ ṣí Google. Báwo la ṣe ń béèrè kó lè yé e? Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ nípa ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ "igbo irunmale" lásán, ó lè lọ kó ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà Ígbò dà sí yín lọ́rùn. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn àmì tá a fi ń yí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ ká, sí iwájú àti ẹ̀yìn gbólóhùn náà, á mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe tẹ̀ léra lẹ ṣe fẹ́ ẹ.

Bó bá sì jẹ́ ti ìjọba lẹ̀ ń wá, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ site:gov.ng tì í lẹ́yìn. Ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí gov.ng nìkan ni yóò mú wá. Àwọn tó ń gbé ìròyìn òfegè kiri kò ní rọ́nà wọlé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ààbò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Gbogbo ohun tá a ti sọ, bí a kò bá mọ bá a ṣe ń ṣọ́ra, àǹfààní rẹ̀ lè di ti olè.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bá a ṣe ń ka àdírẹ́sì. Ẹ jẹ́ ká lo ìkànnì JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìgbàwọlé sí iléèwé gíga, àdírẹ́sì rẹ̀ ni jamb.gov.ng. Oníjìbìtì lè ṣe ìkànnì tirẹ̀, kó fi jamb.gov.ng bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì, kó tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn, kó wá parí rẹ̀ sí .com. Ẹni tó bá ń kánjú á rí JAMB níwájú, á ní òun ti débẹ̀. Kò tíì débẹ̀ o! Kí lẹ ó ṣe? Ẹ wá ìlà tó dagun, ìyẹn /, àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ ìkànnì náà. Ẹ wá ka ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ìparí orúkọ yẹn ló ń sọ ẹni tó ni ìkànnì. Bí ìparí rẹ̀ kò bá jẹ́ jamb.gov.ng, kì í ṣe JAMB, bó ti wù kí àwòrán inú rẹ̀ jọra tó.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí mo rí àmì àgádágodo níbẹ̀." Àgádágodo yẹn kàn ń sọ pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ni. Kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tẹ́ ẹ̀ ń fi í ránṣẹ́ sí. Olè náà lè ní àgádágodo. Nítorí àṣìgbọ́ yìí ni Chrome ṣe yọ àmì náà kúrò ní ọdún 2023, tó fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí káfẹ́ ńkọ́, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ lò? Ẹ lo fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Nínú Chrome àti Edge, Ctrl, Shift àti N ni. Nínú Firefox, Ctrl, Shift àti P ni. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ pa gbogbo fèrèsé náà, búráúsà kò ní fi ìtàn ibi tẹ́ ẹ dé pa mọ́, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín kò sì ní bá ímeèlì yín ní ṣíṣí. Bó bá béèrè bóyá kó bá yín tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, ẹ kọ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nìyẹn.

Ṣé ìkọ̀kọ̀ náà wá jẹ́ ìkọ̀kọ̀ délẹ̀? Rárá o. Ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì lè rí ìkànnì tẹ́ ẹ ṣí, ìkànnì náà sì mọ̀ pé ẹnì kan wá. Ní ọdún 2020, àwọn kan pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní àwọn rò pé kò sẹ́ni tó ń wo àwọn nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ Chrome. Ní ọdún 2024, Google gbà láti pa ọ̀pọ̀ jaburata àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ rẹ́, kó sì tún ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún àwọn èèyàn níbẹ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le: lójú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lo kọ̀ǹpútà ni fèrèsé náà ti bò yín. Kò bò yín lójú gbogbo ayé.

Ọ̀kan ṣì kù lórí ààbò. Ẹ lè fi àfikún, ìyẹn extension, sínú búráúsà. Èyí tó ń dí ìpolówó lọ́nà wà, bíi uBlock Origin fún Firefox, ó sì ń bá èèyàn ṣọ́ dátà gan-an. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi àfikún èyíkéyìí sí i, ẹ ka ohun tó ń tọrọ. Bí àfikún tó ní òun kàn fẹ́ ṣe ojú kọ̀ǹpútà yín lẹ́wà bá ń tọrọ àyè láti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lórí gbogbo ìkànnì, kí ló fẹ́ fi ṣe? Àfikún bẹ́ẹ̀ lè rí pásíwọ́ọ̀dù, ó lè rí ọ̀rọ̀ báńkì. Ẹ jẹ́ kí àfikún yín mọ níwọ̀n, kẹ́ ẹ sì yọ èyí tẹ́ ẹ kò lò mọ́ kúrò. Bí búráúsà bá sì ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe ara òun, ìyẹn update, ẹ má dá a dúró. Ihò tí olè lè gbà wọlé ló fẹ́ dí.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àsìkò ti ń lọ. Kí la ti sọ? A sọ pé ojú ìwé tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kò sọnù. A sọ pé ká má fojú wá ohun tí Ctrl àti F lè bá wa wá. A sọ pé ká dín tábù kù, ká tọ́jú ohun tó ṣe pàtàkì sí PDF. A sọ pé ká jẹ́ kí lẹ́tà tóbi tó ojú wa. A sọ pé ká ka àdírẹ́sì láti ẹ̀yìn ká tó kọ pásíwọ́ọ̀dù sí ìkànnì kankan.

Báwo lẹ ó ṣe rántí gbogbo rẹ̀? Ẹ má gbìyànjú láti há a sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ títí tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú òmíràn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò dọṣẹ.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fún yín. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ kọ́ ẹnì kan ní Ctrl, Shift àti T. Ẹ lè kọ́ bàbá yín, ẹ lè kọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, ẹ lè kọ́ ọmọ tó ń bá yín tajà. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa tábù kan, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní bẹ̀rù kọ̀ǹpútà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, á sì fẹ́ mọ èyí tó kàn.